Kọ́bọ̀ Méjìlá, Kọ́bọ̀ Mẹ́wàá

Ní Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, tí í ṣe ọjọ́ Àjíǹde lọ́dún náà, gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún. Ará Ọ̀jọ́ tó ń ná ọ̀nà Àgbádárìgì kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ dé ẹnubodè ṣáájú ọjọ́ náà ní láti pààrọ̀ apá kó tó wọ Dàhómì, nítorí pé apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Sweden ti ṣe irú rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án ọdún 1967: wọ́n dá ọkọ̀ dúró ní ìdájí, wọ́n ní kí kálukú rọra bọ́ sí apá kejì, wọ́n sì dúró títí aago márùn-ún fi lù. Kò sí ọgbọ́n mìíràn tí ènìyàn lè dá sí i. Ìlànà méjì kò lè jọ wà lójú títì kan náà fún wákàtí kan péré. Òkú ni yóò sùn.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn èyí, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon kan náà tún pààrọ̀ owó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973, náírà gba ipò pọ́n-ùn. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ìṣirò náà rọrùn lójú ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n kí náírà tó dé ni àwọn Yorùbá ti ń pe pẹ́nì ní kọ́bọ̀: mẹ́ta rẹ̀ ni tọ́rọ́, mẹ́fà ni sísì, méjìlá ni ṣílè kan. Owó tuntun wá jẹ́ orúkọ àtijọ́ yìí, mẹ́wàá rẹ̀ ló sì wá ń jẹ́ ṣílè. Orúkọ kò yí, ìtumọ̀ ló yí. Tọ́rọ́ di kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀, wọ́n sì ní láti rọ ààbọ̀ kọ́bọ̀ mọ́ owó ẹyọ tuntun. Ẹni tó bá ra àkàrà méjìlá ní kọ́bọ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan ti san ju ṣílè kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni alákàrà kò fẹnu kéde pé ọjà wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọjà Alàbà tó wà ní Ọ̀jọ́ lónìí. Ká sọ pé oníṣòwò tẹlifíṣọ̀n kan níbẹ̀ ti fa apá kan iṣẹ́ rẹ̀ lé àwọn aṣojú AI lọ́wọ́, àwọn ẹ̀rọ tí kì í kàn dáhùn ìbéèrè nìkan, tí wọ́n máa ń fúnra wọn ṣe iṣẹ́. Ọ̀kan ń gba ohun tí oníbàárà béèrè lórí WhatsApp, èkejì ń wo ohun tó kù ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀kẹta ń kọ ìwé owó ránṣẹ́. Ìwé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń kà, fáìlì kékeré kan ló sì ń sọ bí ìlà kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rí: àyè orúkọ, àyè ọjọ́, àyè iye owó. Ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní schema nìyẹn. Láti pààrọ̀ rẹ̀ kò ju kí ènìyàn pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́, kó fi òmíràn sípò rẹ̀. Bó ṣe rọrùn tó yẹn gan-an ló ń tan ènìyàn jẹ.

Náírà ni ìlànà àtijọ́ fi ń ka iye owó. Ṣùgbọ́n Paystack, tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń gba owó lórí rẹ̀, kọ́bọ̀ ló ń kà, nítorí náà ìlànà tuntun ní kí iye owó máa jẹ́ kọ́bọ̀. Tẹlifíṣọ̀n ₦450,000 tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ láti àná ń dúró de ìwé owó. Aṣojú kẹta ka 450000, ó gbà pé kọ́bọ̀ ni, ó sì kọ ₦4,500 ránṣẹ́ sí oníbàárà pẹ̀lú ìkíni tó dùn mọ́ni. Ẹ̀rọ tó ń yẹ ìwé wò kò rí àléébù kankan, torí nọ́ńbà ni wọ́n ní kó wà níbẹ̀, nọ́ńbà náà ló sì wà níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ti lo oṣù méjì péré ní Alàbà ì bá ti pariwo pé, “Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan o!”

Kì í ṣe àròsọ ni irú àdánù bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, iléeṣẹ́ Knight Capital ní Amẹ́ríkà lo àmì àtijọ́ kan nínú ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún iṣẹ́ tuntun. Ẹ̀rọ méje nínú mẹ́jọ ló ní ètò tuntun, ìkẹjọ ṣì ń gbọ́ àmì náà ní ìtumọ̀ àtijọ́. Láàárín ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, nǹkan bí 440 mílíọ̀nù dọ́là ti ra.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń tọ́jú àwọn aṣojú wọ̀nyí kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni bóyá bíi títì ni ìyípadà náà rí tàbí bí owó. Bó bá jẹ́ bíi títì, kó dá gbogbo iṣẹ́ dúró lóru, nígbà tí Alàbà ti ṣíwọ́, kó yí gbogbo ìwé padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ bí owó, kí ìlà kọ̀ọ̀kan máa gbé nọ́ńbà ìlànà tí wọ́n fi kọ ọ́ dání, kí ti àtijọ́ parí lábẹ́ àtijọ́, kí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ tuntun. Ní ọ̀nà méjèèjì, kí wọ́n má fi orúkọ àtijọ́ sọ ohun tuntun. Bí “iye” bá ti jẹ́ náírà rí, kí ti kọ́bọ̀ máa jẹ́ “iye_kobo”. Aṣojú tó bá wá “iye_kobo” nínú ìlà àtijọ́ kò ní bá a níbẹ̀, yóò sì dúró, bí wọ́n bá ti pa á láṣẹ pé kò gbọdọ̀ méfò. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì, torí AI fẹ́ràn láti fi ohun tó jọ òótọ́ dí àyè tó ṣófo.

Oníṣòwò lè má dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́ tó bá ní òun nílò òru kan sí i. Lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀, ọ̀dọ́ mìíràn tó kàwé ní LASU sì wà ní Ìbà tí yóò ṣe é kí ó tó jẹun àárọ̀ tán. Ṣùgbọ́n bí ogún iṣẹ́ bá ṣì wà nílẹ̀ tí owó wọn kò tíì wọlé, ìlànà àtijọ́ ni ogún náà ṣì ń jẹ, fáìlì rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí ìkẹyìn wọn yóò fi san tán.