Láti Ọwọ́ dé Ọwọ́: Ọjọ́ Kan ní Gennevilliers

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ni í pa ọ̀bọ. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ òwe yìí ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, a sì máa ń fi í gba ọ̀dọ́ níyànjú pé kí ó má ṣe dá nìkan rìn. A kò rò ó rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó fi ojú ara wa rí ibi tí wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò dúró lẹ́yìn ajá gan-an, ajá tí olówó rẹ̀ ti kọ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Gennevilliers, ìlú kan tó wà létí odò Seine, ní apá àríwá Paris, ní ilẹ̀ Faransé.

Àwa olùkọ́ méjì ni a jọ rin ìrìn àjò náà. Nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí a padà wálé, ẹ̀gbọ́n wa kan, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tó ti pẹ́ ní Clichy, tí a dé sí ilé rẹ̀, bi wá léèrè ibi tí a fẹ́ lọ lọ́jọ́ náà. A sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ fi gbogbo Paris sílẹ̀, ajá lẹ fẹ́ lọ wò? Ṣé kò sí ajá ní Kétu ni?”

A dá a lóhùn pé ajá pọ̀ ní Kétu, ṣùgbọ́n a kò tíì rí ibi tí ìlú kan ti ń kọ̀wé sí ìlú mìíràn nítorí ajá. Ó mi orí, ó ní: “Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kí àwọn òkú wọn kí ẹ tó lọ bá àwọn ààyè.”

Òótọ́ ni ó sọ. Láti Clichy, bí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ gba orí afárá kọjá odò Seine, Asnières ni yóò bọ́ sí, níbi tí itẹ́ òkú àwọn ajá wà. Ọdún 1899 ni wọ́n ṣí i. Ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbẹ́ ère òkúta ńlá kan fún Barry, ajá orí òkè Alps tí àwọn ará ibẹ̀ ń rántí nítorí àwọn tó yọ nínú òjò dídì. Àkọlé tó wà lára òkúta náà fi yé wa pé Barry gba ẹ̀mí 40 ènìyàn là, àti pé ẹni kọkànlélógójì ni ó pa á. Ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀: ogbó ni ó pa Barry, ní ìlú Bern, ní ọdún 1814. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé àwọn tó gbé òkúta náà kalẹ̀ mọ ohun tí ènìyàn lè fi san oore.

A dúró díẹ̀ níwájú àwọn sàréè kéékèèké wọ̀nyí, òdòdó wà lórí òmíràn, àwòrán wà lára òmíràn. Nílé wa, ajá kì í ní sàréè. Ajá jẹ́ ẹlẹgbẹ́ ọdẹ nínú igbó àti olùṣọ́ ilé lóru, bẹ́ẹ̀ sì ni ó jẹ́ oúnjẹ Ògún lọ́jọ́ ọdún. Ajá tún jẹ́ ẹnu fún olówó rẹ̀: ẹni tí aládùúgbò ṣẹ̀, tí kò sì fẹ́ ìjà, lè sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la, kí ó máa fi ohùn rara pè é láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn máa gbọ́. A kò tijú ohunkóhun nínú èyí. A kàn rí i pé ọ̀nà tí ènìyàn gbà ń bá ajá gbé kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo.

Láti ibẹ̀ ni a ti lọ sí Gennevilliers. Ilé ààbò ẹranko tó wà níbẹ̀, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní refuge, jẹ́ ti Société protectrice des animaux, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SPA. Ọdún 1845 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Paris. Ní ọdún 1850 ni òfin Grammont jáde, òfin àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Faransé tó fi ìyà sí orí ẹni tó bá ń han ẹran ọ̀sìn léèmọ̀ ní gbangba. Ilé ààbò náà ń jẹ́ orúkọ Grammont yìí títí di òní, ó sì ti wà láti ọdún 1903.

Etí ni ènìyàn fi ń mọ̀ pé òun ti dé ibẹ̀, kí ojú tó rí i. Nígbà tí a wọlé, ọ̀wọ́ àwọn àgò ni a rí, tí ọ̀nà tóóró là wọ́n láàárín. Àwọn ajá kan fò mọ́ irin, wọ́n ń gbó. Àwọn kan jókòó sí kọ̀rọ̀, wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè mọ́. Ìwé kan wà lójú àgò kọ̀ọ̀kan: orúkọ ajá, ọjọ́ orí rẹ̀, ọjọ́ tó dé, bóyá ó lè bá ọmọdé gbé, bóyá ó lè bá ológbò gbé, ohun tó ń bà á lẹ́rù. Olùkọ́ ni wá. Ọ̀nà tí a fi ń ka ìwé orúkọ ọmọ kíláàsì ni a fi ka àwọn ìwé náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ọ̀nà tí ajá ń gbà dé irú ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn kan wà tí olówó wọn fúnra rẹ̀ fà wá, nítorí àìsàn, nítorí ikú, tàbí nítorí pé tọkọtaya pínyà. Àwọn mìíràn gba ọwọ́ ìjọba kọjá. Òfin ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní fourrière, èyíinì ni ibi tí a ń kó ẹran tó ń rìn kiri sí, tàbí kí ó bá ìlú mìíràn ṣe àdéhùn láti máa lo tiwọn. Ọjọ́ iṣẹ́ 8 ni wọ́n fi ń dúró de olówó ẹran. Bí ajá bá ní ẹ̀rọ bíńtín tí dókítà ẹranko máa ń tì bọ abẹ́ awọ, tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, nọ́ńbà inú rẹ̀ ni wọn yóò fi wá orúkọ olówó rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè. Bí ọjọ́ 8 bá pé tí ẹnikẹ́ni kò yọjú, òfin ka ẹran náà sí èyí tí a kọ̀ sílẹ̀. Dókítà ẹranko yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè fi í fún ẹgbẹ́ tó ní refuge lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹgbẹ́ náà wá ẹni tí yóò gbà á tọ́. Bí kò bá sí ẹgbẹ́ tó ní àyè, ikú lè jẹ́ ìpín rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kìíní kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe láìsí ọwọ́ kejì.

Ọwọ́ kejì náà sì lè kún. Ilé ààbò SPA tó wà káàkiri ilẹ̀ Faransé lé ní 60, ẹran tí wọ́n sì ń gbà lọ́dún kan ju 40,000 lọ. Bí ọ̀kan bá kún, wọ́n á bi èkejì bóyá àyè wà. Ajá ńlá tó ń fẹ́ sá eré lè pẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ Paris, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé inú yàrá kótópó lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ó sì rí ilé kíá ní ìgbèríko tí àgbàlá wà. Ajá tí gbogbo ojú ti wò tán ní ìlú kan lè jẹ́ tuntun lójú ará ìlú mìíràn. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí kò ní dókítà tiwọn náà máa ń bẹ àwọn ńlá pé kí wọ́n bá wọn gba èyí tí àìsàn rẹ̀ ju agbára wọn lọ.

Bí a ti dúró níbẹ̀ ni ọkọ̀ funfun kékeré kan dé, ajá mẹ́rin wà nínú rẹ̀, wọ́n ti ilé ààbò mìíràn wá. Kí obìnrin tó wá gbà wọ́n tó fọwọ́ kan ajá kankan, ìwé wọn ni ó kọ́kọ́ gbà: abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ńbà abẹ́ awọ, àti ojú ewé kan tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. A bi í léèrè ohun tó wà nínú ojú ewé náà. Ó ní ohun tí ẹni tó ń tọ́jú ajá níbẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀ ni, bí irú pé ariwo ìlẹ̀kùn ń bà á lẹ́rù, tàbí pé kì í jẹun bí ènìyàn bá ń wò ó. Ó wá sọ gbólóhùn kan tí a kò gbàgbé: kì í ṣe ọ̀nà jíjìn ni ó ń ba àwọn lẹ́rù, bí kò ṣe kí ọwọ́ kejì má mọ ohun tí ọwọ́ kìíní ti mọ̀.

Ọ̀nà náà sì lè jìn lóòótọ́. Ní erékùṣù Réunion, ilẹ̀ Faransé tó wà nínú Òkun India, tó jìnnà sí Paris ju kìlómítà 9,000 lọ, ajá tó ń rìn kiri ní ìgboro pọ̀ ju ilé tó lè gbà wọ́n lọ. Àwọn ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ bá àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní Yúróòpù dòwò pọ̀. Èrò ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí Paris lè yọ̀ǹda kí wọ́n fi ajá kan kún ẹrù rẹ̀; ẹgbẹ́ ni yóò san owó ọkọ̀ ajá náà, ẹlòmíràn yóò sì dúró ní pápákọ̀ láti gbà á. Parrain de vol ni wọ́n ń pe èrò bẹ́ẹ̀. Ó lè má rí ajá náà mọ́ láé.

Ẹni tó bá wá fẹ́ mú ajá lọ sílé kò kàn ní nawọ́ kó mú un. Láti ìgbà tí òfin ọdún 2021 ti jáde, ẹni tó ń gba ajá tàbí ológbò fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kan pé òun mọ ohun tí ẹran náà nílò, ọjọ́ 7 sì gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn ìfọwọ́sí kí ẹran tó lè kúrò. Wọn yóò yí orúkọ padà nínú àkọsílẹ̀. Ẹni tó bá kọ ẹran sílẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 àti owó ìtanràn 45,000 euro gbára.

A kò kọ èyí láti yin ilẹ̀ Faransé. Bí gbogbo olówó ajá bá ń ṣe ojúṣe rẹ̀, àgò yóò ṣófo. Ìgbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí àwọn ẹbí ń lọ gbádùn létí òkun, ni àwọn ilé ààbò máa ń kún jù. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ kò ju èyí lọ: bí wọ́n bá ti ń fi ẹ̀mí kan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ìwé a máa bá a lọ, ojú a sì máa tẹ̀lé e.

Ní alẹ́, a sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa nígbà tí a ń jẹun. Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́ pẹ́, kí ó tó ní:

“Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n mú mi kúrò ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹnì kan mú mi dé ìdíkọ̀, ó fi mí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹni yẹn mú mi dé Kútọnu, ó fi mí lé ìyá kan lọ́wọ́. Ìyá náà kò burú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un pé òkùnkùn ń bà mí lẹ́rù. Ọdún mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni láti ilé tó wá wò mí.”

A kò mọ ohun tí a ó fi dá a lóhùn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀ pé fífi ọmọ sọ́dọ̀ ẹbí jẹ́ àṣà rere láàárín wa. Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ni a tọ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì di ènìyàn pàtàkì. Ṣùgbọ́n àwọn Fon ní orúkọ kan, vidomègon, fún ọmọ tí a fi síni lọ́wọ́, gbogbo wa ní Benin sì mọ ìyà tó ti wọ inú orúkọ náà: ọmọ tó ń kiri ọjà nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́, ọmọ tó jí kí gbogbo ilé tó jí, tó sì sùn lẹ́yìn gbogbo wọn. Kì í ṣe òfin ni kò sí. Láti ọdún 2006 ni òfin ti wà lórí mímú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ohun tó ń já ni okùn tó yẹ kó so ọwọ́ kìíní mọ́ ọwọ́ kejì. Òwe wa kò sọ pé igba ọwọ́. Igba ojú ni ó sọ. Bí ọmọ bá ti kúrò nílé tí ojú kò bá a lọ, a ti gé òwe náà sí méjì.

Nígbà tí a padà dé, tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, a ṣí ìwé orúkọ kíláàsì wa. A bi ara wa léèrè: mélòó nínú wọn ni kì í gbé lọ́dọ̀ òbí rẹ̀? Ta ni ó ń wá wò wọ́n? Kí ni ẹni tó mú wọn wá mọ̀ nípa wọn tí kò sọ fún wa? Ìdáhùn tí a ní kò tó nǹkan. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ní àbúrò tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ẹnì kan, ní Kútọnu, ní Lomé tàbí ní Àjàṣẹ́, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ ọdún. Ẹ lọ wò ó.