Ìrora Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí láàárín ẹbí àti ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá dé iwájú dókítà, òdìkejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe. Wọn á béèrè pé báwo ni ara, àwa á sì dáhùn pé, “A dúpẹ́, ó ń sàn díẹ̀díẹ̀.” Bí a ṣe tọ́ wa nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá ni mo rí iye tí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lè ná ènìyàn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ń gbé ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Oríkèé tí ó so àgbọ̀n ìsàlẹ̀ mọ́ orí, níwájú etí gan-an, ni ó ń dùn wọ́n. Bí wọ́n bá ń jẹun, oríkèé náà á máa dún kẹ́kẹ́. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ẹnu wọn kì í fẹ́ là. Wọ́n pa ẹran tì, wọ́n pa àgbàdo tì, ògì àti mọ́ínmọ́ín ni wọ́n gbára lé. Dókítà ní kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ físíò. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́fà tí wọ́n ti lọ, ilé-iṣẹ́ adójútòfò kọ̀wé pé àwọn kò ní í sanwó, pé àwọn kò rí ìdí tí ìtọ́jú náà fi pọn dandan. Owó ọ̀hún ju owó ilé wọn ti oṣù kan lọ. Nítorí pé ọ̀rọ̀ gígùn ń ni wọ́n lára, tí ó sì jẹ́ pé ìwé kíkọ ni mo fi ń jẹun, wọ́n ya fọ́tò gbogbo ìwé náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: “Àbúrò mi, jọ̀wọ́ bá mi kọ lẹ́tà sí wọn.”

Kí n tó kọ ohunkóhun, mo kọ́kọ́ kà. Ní Amẹ́ríkà, kóòdù ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò kọ́kọ́ ń wò, kì í ṣe ìtàn aláìsàn. Ẹnìkan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ka ohun tí dókítà kọ, kí ó sì sọ ọ́ di kóòdù láti inú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní ICD-10-CM, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá, 2015. R68.84 ni mo rí lórí ìwé ẹ̀gbọ́n mi. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé àgbọ̀n ń dun ènìyàn lọ. Àmì àìsàn ni. Kì í ṣe orúkọ àìsàn.

Bẹ́ẹ̀ ìwé kóòdù náà kò ṣe ahun. M26.62 ni ti ìrora oríkèé àgbọ̀n, láti ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá, 2016 sì ni nọ́ńbà mìíràn ti gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e láti sọ ẹ̀gbẹ́ tó ń dunni: M26.621 ni ọ̀tún, M26.622 ni òsì, M26.623 ni méjèèjì. M26.629 ni ti ẹni tí dókítà rẹ̀ kò kọ ẹ̀gbẹ́ kankan. Bí ó bá jẹ́ kerekere tó wà láàárín oríkèé ló ní ìṣòro, abẹ́ M26.63 ló bọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ iṣan tí a fi ń jẹun ni, M79.11 ni. Ẹni tí ń payínkeke lójú oorun pàápàá ní tirẹ̀: G47.63.

Kí ló dé tí wọn kò lo ọ̀kan nínú wọn? Dókítà kọ ọ́ pé “ó jọ pé” oríkèé àgbọ̀n ni. Òfin iṣẹ́ náà sì ni pé, fún aláìsàn tí kò sùn sí ilé ìwòsàn, ohun tí dókítà bá ní ó jọ bẹ́ẹ̀ tàbí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀, a kò gbọdọ̀ fún un ní kóòdù bí ẹni pé ó dájú. Àmì àìsàn nìkan ni a ó kọ. Akọ̀wé kóòdù kò láṣẹ láti fi òye tirẹ̀ dí àlàfo. Wọ́n máa ń sọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ wọn pé ohun tí a kò kọ sílẹ̀, a kò ṣe é.

Ní ojú ìwé kẹta ni mo ti rí ohun tó dùn mí jù. Físíò kọ ọ́ nígbà mẹ́rin pé aláìsàn ní ó ń sàn. Mo pè wọ́n.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ń sàn lóòótọ́ ni?”

“Rárá o. Ṣé kí n wá máa ráhùn sí àlejò létí ni?”

A kò kọ lẹ́tà ẹkún. Ẹ̀gbọ́n mi padà sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n sì sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni, ó ti tó oṣù méje, ìka mẹ́ta kò lè dúró láàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, ó fi rúlà wọn ẹnu wọn. Mílímítà 28 ni. Ẹnu ọ̀pọ̀ àgbàlagbà a máa là kọjá 40. Kò pa ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ó kọ tuntun, ó fi déètì sí i. Kóòdù di M26.621. Kì í ṣe pé a wá kóòdù tí ń mówó wá, nítorí jìbìtì ni ìyẹn. Èyí tó bá òótọ́ mu ni a wá. Òfin ibẹ̀ fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹ̀dà ìwé ara rẹ̀, ó sì ní ọjọ́ 180 láti tako ìpinnu adójútòfò. A lo méjèèjì.

Wọ́n san owó físíò. Ní ti ike ìdáàbòbò tí wọ́n ń fi sẹ́nu sùn, adójútòfò ìlera ní ọ̀rọ̀ eyín ni, adójútòfò eyín ní ọ̀rọ̀ ìlera ni. Oríkèé àgbọ̀n wá dà bí ọmọ tí bàbá méjì kọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló sanwó rẹ̀ lápò ara wọn.

Èdè wa kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ ìrora: ó ń ro mí, ó ń ta mí, ó ń gún mi, ó ń fà mí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ rí dókítà, ní Houston ni o, ní Ìbàdàn ni o, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó kúrò nílé: ẹ̀gbẹ́ wo, láti ìgbà wo, oúnjẹ wo ni ẹ kò lè jẹ mọ́, oògùn wo ni ẹ ti lò. Nílé níbí, tí púpọ̀ wa ń sanwó láti àpò, dókítà mìíràn tí ẹ ó bá pàdé lọ́la kò ní ohun méjì tí yóò wò ju káàdì yẹn lọ. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run o. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá béèrè, ẹ sọ ibi tó ń dùn yín.