Ìjàpá Bàbá Mi Dé Ìfọ̀n

Ẹ̀yin òǹkàwé, láti bí oṣù mélòó kan, n kò lè wa mọ́tò mi kọjá ní Ọjà Ọba ní Ọ̀wọ̀ kí àwọn ènìyàn má dá mi dúró. Àwọn àgbà á ní, “Háà, ìjàpá! Ṣé ó ṣì wà láyé?” Àwọn ọmọ ilé-ìwé á máa sáré tẹ̀lé mi. Ìyá kan tí ó ń ta iṣu tilẹ̀ fi ọwọ́ gbá a lórí, ó ní irú rẹ̀ ni wọ́n fi gbé òun lọ sí ilé ọkọ. Nítorí pé ẹnu mi kò lè ròyìn náà tán fún olúkúlùkù, mo ní kí n kọ ọ́ síbi tí gbogbo yín yóò ti kà á.

Mọ́tò Volkswagen kékeré tí àwa Yorùbá ń pè ní ìjàpá ni mo ń sọ. Ẹni tí ó bá ti rí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní béèrè ìdí tí a fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́rọ kan tí ń jẹ́ Ferdinand Porsche ni ó gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì ṣáájú ogun Hitler, ó sì ju mílíọ̀nù 21 lọ tí wọ́n ṣe kí èyí tí ó kẹ́yìn tó jáde ní Puebla ní ilẹ̀ Mẹ́síkò ní ọdún 2003. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní Èkó. Ọdún náà gan-an ni owó Udoji wọ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí tíṣà tí ó ti ń gun kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fojú sí mọ́tò.

Bàbá mi wà lára wọn. Ní ọdún 1977 ó tọrọ owó mọ́tò lọ́wọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n wọn kì í yá ènìyàn láìsí onídùúró. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ Ìfọ̀n, ni ó fi ọwọ́ sí ìwé fún un. Bàbá Ìfọ̀n ni àwa ọmọ ń pè é. Bàbá mi ṣe ìlérí fún un pé ní ọjọ́ tí òun bá san gbèsè náà tán, òun yóò wá gbé e láti ilé rẹ̀, ìjókòó iwájú ni yóò sì jókòó sí, kí gbogbo Ìfọ̀n rí i. Gbèsè tán ní ọdún 1983. Iṣẹ́ gbé bàbá mi lọ síhìn-ín, ó gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sọ́hùn-ún. Ọmọ pọ̀, owó dínkù. Ní ọdún 1998 ìjàpá dákú sábẹ́ igi máńgòrò ilé wa, kò sì jí mọ́. Adìẹ yé ẹyin sí ìjókòó rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ẹsẹ̀ Bàbá Ìfọ̀n kọ̀ láti rìn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti gbogbo ilé-ìwé pa, mo wà nílé láìníṣẹ́ lọ́wọ́. Èmi kì í ṣe mẹ́káníìkì. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni mo kà ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Olùkọ́ni Adéyẹmí ní Oǹdó, èyí tí ó ti di yunifásítì lónìí, ohun tí mo sì mọ̀ nípa ẹ́ńjìnì kò ju èyí tí mo ń yà sójú pátákó fún àwọn ọmọ lọ. Mo sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ tú mọ́tò rẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, “Ohunkóhun tí o bá tú, kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó gbé e kalẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti ba nǹkan oní-nǹkan jẹ́ nìyẹn.” Mo ra ìwé eléwé ọgọ́ta. Ó di ìwé mẹ́ta kí iṣẹ́ náà tó parí.

Ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ìjàpá kì í mu omi. Atẹ́gùn ni ó ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ lára. Fáànù kan tí bẹ́líìtì ń yí ni ó ń fẹ́ ẹ. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì wà, iwájú ni a ń di ẹrù sí, níbi tí táńkì epo wà. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ni ó so ẹ́ńjìnì mọ́ gíà. Bí a bá ti tú àwọn wáyà àti rọ́bà epo, tí a fi jáàkì gbà á láti ìsàlẹ̀, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ìgbà tí a sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì náà ti gan. Mo tú póògì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo da dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, mo sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ní ọjọ́ kọkànlá mo fi sípánà mú nọ́ọ̀tì iwájú rẹ̀, mo rọra yí i. Ó dún kẹ́rẹ́, ó yí. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó mi fi sáré jáde, ó rò pé ejò ni.

Ara mọ́tò ni ó wá le jù. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì ìjàpá ń gbé, omi kíkan rẹ̀ sì ti jẹ irin ilẹ̀ débi pé mo ń rí koríko láti inú mọ́tò. Kí wẹ́dà tó mú iná rẹ̀ dé, mo ti tú táńkì epo kúrò, mo gbé e jìnnà réré. Ẹ má ṣe gbàgbé èyí, nítorí òórùn epo inú táńkì òfìfo lè ṣe ohun tí epo gan-an kò ní ṣe. Pánẹ́ẹ̀lì bítà kan gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ṣáájú, n kò sì rí ojú rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ kọ́kọ́ délẹ̀ kí owó tó jáde lápò mi.

Mo rántí pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn akọ̀wé àti tíṣà bíi tèmi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú ọgbà ilé wọn ní òpin ọ̀sẹ̀. Mọ́tò eré-ìje olórí ṣíṣí bíi MGB, tí wọ́n ṣe láti 1962 títí di 1980, ni ọ̀pọ̀ wọn ń jí dìde. Volkswagen fúnra rẹ̀ fi ẹsẹ̀ àti ẹ́ńjìnì ìjàpá ṣe mọ́tò oge kan tí ń jẹ́ Karmann Ghia ní 1955. Ṣùgbọ́n ohun èlò wà lárọ̀ọ́wọ́tó wọn. Ní tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ ọkọ̀ láti Ọ̀wọ̀ lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, mo ń wá búréèkì àti kábúrétọ̀ tòkunbọ̀, tí àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ sì ń bi mí bóyá bàbá bàbá mi ni ó rán mi.

Ìyàwó mi ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba. Nígbà tí owó tán lọ́wọ́ mi, òun ni ó yá mi, ó sì kọ orúkọ mi sínú ìwé àwìn rẹ̀ láàrin àwọn oníbàárà. Kò bínú sí mọ́tò náà. Ojú ọ̀nà ni ó ń bà á lẹ́rù, ẹ̀rù náà sì ní ìdí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn pa Olúfọ̀n ti Ìfọ̀n, Ọba Israel Adéùsì, ní Ẹlẹ́gbẹ́ka lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ̀n, nígbà tí kábíyèsí ń ti Àkúrẹ́ bọ̀. Bí wọ́n bá ṣe èyí sí ọba nínú mọ́tò tí ó ń sáré dáadáa, kí ni a ó sọ nípa tíṣà tí mọ́tò rẹ̀ kú sójú ọ̀nà?

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, ibi náà wọ àárín ìlú wa. Àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa ogójì ènìyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí àdúgbò tí ẹkún kò dé. Mo kó sípánà mi sínú àpótí. Ta ni ó ń tún mọ́tò ṣe nígbà tí a ń sin òkú?

Ó tó oṣù márùn-ún. Lọ́jọ́ kan mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní ààfin Ọlọ́wọ̀. Mo ń sọ fún wọn nípa àwọn ère amọ̀ tí Ekpo Eyo hú jáde ní Igbó Ọlájá ní ọdún 1971. Mo ní àfọ́kù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ àwọn àfọ́kù náà ni a fi mọ bí ọwọ́ àwọn baba wa ti mọ iṣẹ́ tó ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Ọmọ kan dìde, ó ní, “Sà, ìjàpá yín tí ẹ tú ká ńkọ́?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo ṣí àpótí sípánà.

Kí n tó parí iṣẹ́, wàhálà mìíràn dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé ìrànwọ́ owó epo ti dópin, láàrin ọjọ́ díẹ̀ lítà kan tí a ń rà ní nǹkan bí ₦190 ti ju ₦480 lọ. Ìrìn àjò mi di ohun tí mo ń ṣírò kí n tó ṣe. Mo kọ́kọ́ wà á dé Ùsò lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, ó lọ, ó bọ̀. Orí mi wú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo kọrí sí Ìpelè, ibẹ̀ ni ó sì ti hu ìwà ìjàpá sí mi. Ó jó, ó yọsẹ̀, ó kú.

Bàbá àgbà kan tí ó ti wa lọ́rì agbégi rí jáde wá. Kò wo ẹ́ńjìnì rárá. Ó béèrè pé, “Ọmọ mi, ṣé o fọ táńkì?” Mo ní mo fọ̀ ọ́. Ó fa rọ́bà epo yọ, ó gbe epo díẹ̀ sínú abọ́ funfun: ìpẹtà ni, ó pupa bí osùn. Mo kàn fi epo ṣan táńkì náà lẹ́ẹ̀kan ni, mo sì gbàgbé pé ọdún méjìlélógún ni ó fi gbẹ. Bàbá náà ní kí n kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí n mì í títí apá yóò fi ro mí, kí n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí n sì fi asẹ́ kékeré sójú rọ́bà. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìyàwó mi gbọ́. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun tí ó jẹ́ Ìpelè ni ó kú sí. Bó bá ṣe ojú ọ̀nà Ìfọ̀n ni ńkọ́, tí Bàbá wà nínú rẹ̀?” N kò rí èsì. Ó wá dá òfin kan: mo gbọ́dọ̀ lọ sí Ùsò kí n sì bọ̀ nígbà mẹ́wàá láìdúró, kí bàbá mi tó fi ẹsẹ̀ kan sínú mọ́tò náà. Ìwé àwìn rẹ̀ ni ó ń sàmì rẹ̀ sí. Nígbà tí ó di ẹ̀kẹjọ, bẹ́líìtì fáànù já, ó sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyọ kan. Mo bínú ní ọjọ́ náà. Lónìí mo ń dúpẹ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kejì ọdún 2024 ni a gbéra. Agogo mẹ́sàn-án ti lù, bọ́ọ̀sì akérò ti ń lọ wọ́n ti ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan fi bọ́ọ̀sì tirẹ̀ ṣáájú wa, nítorí náà a kò dá rìn. Igbó àti oko kòkó wà lọ́tùn-ún lósì, àwọn ọkọ̀ agbégi ń ké lójú òkè. Àwọn Àmọ̀tẹ́kùn dá wa dúró. Dípò kí wọ́n yẹ mọ́tò wò, wọ́n ní kí n jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí a dé Ẹlẹ́gbẹ́ka, bàbá mi ṣí fìlà rẹ̀, kò sì dé e títí a fi kọjá. Kò sọ̀rọ̀, èmi náà kò bi í léèrè.

A kò tíì yà sí òpópónà Bàbá Ìfọ̀n tí ọmọbìnrin rẹ̀ ti sáré pàdé wa. Ó ní bàbá òun gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé orí sókè, ó ní, “Mọ́tò tí mo dúró fún ni ó ń bọ̀ yẹn.”

A gbé e sí ìjókòó iwájú. Bàbá mi, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ká orúnkún rẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọ ilé-ìwé. Mo rọra wà wọ́n yí ìlú ká, a dé iwájú ààfin, a dé ilé-ìwé tí àwọn méjèèjì ti jọ ṣiṣẹ́ rí. Bàbá Ìfọ̀n ń juwọ́ sí gbogbo ènìyàn, àti ẹni tí ó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Nígbà tí a padà dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó yíjú sẹ́yìn, ó ní, “Ọ̀rẹ́, ṣé o san owó yẹn tán?”

Bàbá mi ní, “Mo san án tán ní 1983.”

Ó ní, “Ó dára. N kò fẹ́ kí wọ́n wá mú mi.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, n kò ní tàn yín jẹ. Owó tí mo ná sórí ìjàpá yìí ju iye tí ẹnikẹ́ni yóò rà á lọ, mo ṣì jẹ ìyàwó mi ní gbèsè. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ kọ ohun tí ẹ bá tú sílẹ̀, ẹ tún búréèkì ṣe kí ẹ tó kun ọ̀dà, ẹ fọ táńkì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ má sì gbé àgbàlagbà sínú rẹ̀ kí ẹ tó dán an wò dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìlérí kan so mọ́ ọn, ẹ má ṣe pẹ́ bíi tiwa. Irin lè dúró dè yín fún ogún ọdún. Ènìyàn kì í sábà dúró.

Ó dàbọ̀ ná.