Ọdún Márùndínlógójì Lórí Mólékù Kan Ṣoṣo

Ọdún 1934 ni kírísítálì ínsúlìn díẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Dorothy Hodgkin ní Oxford. Crowfoot, orúkọ bàbá rẹ̀, ló ṣì ń jẹ́ nígbà náà, kò sì tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Nígbà tó yá, ó tan X-ray sí kírísítálì náà, ó fọ fíìmù rẹ̀ lálẹ́. Àwọn àmì tóótòòtó tó rí lórí fíìmù náà dùn mọ́ ọn débi pé kò lè jókòó. Ìgboro ló gbà lọ, tó ń rìn kiri lóru. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bí àwọn átọ́ọ̀mù inú mólékù kan ṣoṣo ṣe tò, àti èyí tó di èwo mú nínú wọn. Ọdún 1969 ló tó rí ìdáhùn.

Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó bá ní dátà á tẹ àwọn lẹ́tà tó dúró fún ásíìdì àmínò inú púrótíìnì kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kó tó jẹun ọ̀sán tán, àwòrán bí púrótíìnì náà ṣe rí ti dé, aláwọ̀ mèremère, ó ń yí bírí lójú fóònù. Mo dúpẹ́ pé ó ṣojú mi. Síbẹ̀, bí mo bá ti rí i, àárò àwọn tó fi ọwọ́ wá a máa ń sọ mí.

Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ mọ ínsúlìn dáadáa. Láti ara ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ni wọ́n ti ń yọ ọ́ nígbà kan, kó tó di pé wọ́n ń lo kòkòrò àìfojúrí láti ṣe é. Púrótíìnì ni òun náà: ásíìdì àmínò 51 ló tò tẹ̀ léra nínú rẹ̀, 21 lórí ẹ̀wọ̀n kan, 30 lórí èkejì. Mẹ́fà nínú wọn ló gbé imí-ọjọ́ dání fún ìsopọ̀, imí-ọjọ́ kan náà tí àwọn lékuléja ń tà fún làpálàpá. Bí imí-ọjọ́ méjì bá kojú ara wọn, tí háídírójìn tó wà lára wọn sì kúrò, wọ́n á di ara wọn mú pinpin. Ìdè mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ínsúlìn. Méjì so ẹ̀wọ̀n kan mọ́ èkejì; ẹ̀kẹta wà nínú ẹ̀wọ̀n kékeré nìkan. Bí àwọn ìdè yìí bá já, ẹ̀wọ̀n méjèèjì á tú ká, ínsúlìn ò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Frederick Sanger ní Cambridge ló kọ́kọ́ mọ ibi tí àwọn ìdè náà wà. Láti ọdún 1943 ló ti ń gé ínsúlìn sí wẹ́wẹ́, tó ń to ègé mọ́ ègé lórí ìwé. Wàhálà tó bá a nìyí: nínú ásíìdì líle tó fi ń gé e, imí-ọjọ́ á fi ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀, á lọ di òmíràn mú, èyí tó rí lẹ́yìn ìgé kì í ṣe èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ wá bí pàṣípààrọ̀ yẹn ò ṣe ní wáyé mọ́. Ọdún 1955 ni wọ́n tó kéde ìdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ṣùgbọ́n orí ìwé ni tiwọn wà. Dorothy fẹ́ mọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí gan-an, bó ṣe ká kò àti bó ṣe yọ síta. Irinṣẹ́ ìgbà náà, tí wọ́n fi ń ṣírò ibi tí átọ́ọ̀mù wà láti inú àmì orí fíìmù, ń ṣeni láàánú, ó sì ń wuni. Àpótí onígi kan wà tó kún fún káàdì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn onímọ̀ méjì, Beevers àti Lipson, ṣe, nọ́ńbà ló kún ara wọn. Èèyàn á máa fa káàdì yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á máa ro ó pọ̀, á kọ àròpọ̀ sílẹ̀, á dá káàdì padà sí àyè rẹ̀, á tún fa òmíràn. Oṣù lè lọ lórí ìṣirò kan. Láti ọdún 1934 yẹn náà sì ni àrùn oríkèé ti ń jẹ ìka ọwọ́ obìnrin yìí. Ọwọ́ tó wú, tó sì ti ń wọ́ yẹn ló fi ń gbé kírísítálì tí kò ju ẹyọ iyọ̀ lọ.

Ó yà sórí iṣẹ́ mìíràn láàárín rẹ̀. Nígbà ogun Hitler, àwọn àgbà onímọ̀ kẹ́mísìrì ń jiyàn lórí bí mólékù pẹnisílíìnì ṣe rí. Òun àti Barbara Low fi hàn lọ́dún 1945 pé òrùka kékeré kan wà nínú rẹ̀, kábọ́ọ̀nù mẹ́ta àti náítírójìn kan, irú òrùka tí àwọn kan nínú àgbà náà sọ pé kò lè dúró. Òótọ́ ni pé òrùka náà há. Ìhá yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó tètè ṣí, kó sì lẹ̀ mọ́ ohun tí kòkòrò àìsàn fi ń mọ ògiri ara rẹ̀. Accra ni Dorothy wà lọ́dún 1964 nígbà tí ìròyìn ẹ̀bùn Nobel kàn án, torí ọkọ rẹ̀, Thomas Hodgkin, ló ń darí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ghana. Ínsúlìn ò tíì parí nígbà náà. Ó tún ku ọdún márùn-ún.

Ẹni kẹta tí mi ò lè gbàgbé ni Christian Anfinsen ní Amẹ́ríkà. Òun ló béèrè bí imí-ọjọ́ ṣe ń mọ ẹnìkejì rẹ̀. Ó mú púrótíìnì kan láti ara màlúù, ribonuclease, tí imí-ọjọ́ mẹ́jọ wà nínú rẹ̀ fún ìdè mẹ́rin. Ọ̀nà 105 ni mẹ́jọ lè gbà dì ní méjì méjì, ọ̀kan péré ló tọ̀nà. Anfinsen da yúríà, èyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń ṣe ajílẹ̀, àti kẹ́míkà olóòórùn burúkú kan sí i, gbogbo ìdè já, púrótíìnì náà nà tàntàn, iṣẹ́ rẹ̀ sì dópin. Lẹ́yìn náà, ó yọ kẹ́míkà méjèèjì kúrò, ó jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ó padà sípò! Imí-ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wá tirẹ̀ rí, láìsí ẹni tó tọ́ ọ sọ́nà. Ìgbà tó jẹ́ kí wọ́n dì nígbà tí yúríà ṣì wà níbẹ̀, ìdìkúdìí ni wọ́n dì, agbára rẹ̀ ò ju bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ó wá kán kẹ́míkà olóòórùn yẹn díẹ̀ sí i, ìdè tí kò tọ̀nà ń já, ó ń tún dì, títí tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi bọ́ sójú rẹ̀.

Nínú ara wa, iṣẹ́ náà yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Alárinà wà níbẹ̀, púrótíìnì kan tí ilé iṣẹ́ Anfinsen náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1963: ó ń tú ìdè tí kò tọ̀nà, ó ń mú ẹni yíyẹ pàdé ẹni yíyẹ. Ní ti ínsúlìn, ẹ̀wọ̀n kan gígùn ló fi bẹ̀rẹ̀. Á kọ́kọ́ ká, ìdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dì, lẹ́yìn náà ni ara á gé àárín rẹ̀ sọnù, tí yóò fi ku méjì. Donald Steiner ló rí èyí ní Chicago lọ́dún 1967. Àwọn ọmọ ọwọ́ kan wà tí àtọ̀gbẹ ń bá jà kété tí wọ́n bí wọn, nítorí pé ọ̀kan ṣoṣo nínú imí-ọjọ́ mẹ́fà yẹn kò sí níbi tó yẹ kó wà.

Ayé ìsinsìnyí wá dé. Lọ́dún 2020, AlphaFold, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ya irú àwòrán púrótíìnì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tí DeepMind ṣe ní London, fẹ̀yìn gbogbo akẹgbẹ́ rẹ̀ balẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2022, àwòrán púrótíìnì tó gbé jáde ti lé ní 200 mílíọ̀nù. Nobel ọdún 2024 tí wọ́n fún àwọn tó ṣe é tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ara iṣẹ́ àwọn ará àtijọ́ ló ti kọ́ gbogbo ohun tó mọ̀. Ìṣúra àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ, méje péré ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1971, èèyàn ló sì fi ìyà ọdún gbọọrọ kó wọn jọ. Ibi tí púrótíìnì parí sí ló ń fi hàn wá. Ìdè tó kọ́kọ́ dì, èyí tó dì lọ́nà àìtọ́, èyí tó já tó tún dì kó tó débẹ̀, kò sọ ọ́.

Ohun tí mo rí pé ó ń sọnù nìyẹn. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì, amọ̀ la fi ń ṣe átọ́ọ̀mù, ẹyọ ìgbálẹ̀ la fi ń ṣe ìdè. Bí ọmọ kan bá fẹ́ ṣe òrùka pẹnisílíìnì, ẹyọ ìgbálẹ̀ náà á máa tẹ̀, á fẹ́ yọ, amọ̀ á máa sán. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún un mọ́ pé òrùka náà há. Ọmọ tó wo ti ojú fóònù ò rí ìyẹn. Gbogbo òrùka ló dúró dáadáa lójú tirẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ kẹ́mísìrì, mo bẹ̀ yín, ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ó wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ fún wọn ní amọ̀ àti ẹyọ ìgbálẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i, kí ẹ sì bi wọ́n pé èwo ló kọ́kọ́ dì.