Ààlà Igbó Ọba

Igbó ọba ni àwọn bàbá wa ń pe igbó Omo, ní apá Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn. Ọdún 1925 ni ìjọba òyìnbó yà á sọ́tọ̀, kí wọ́n tó bí mi. Kì í ṣe pé inú àwọn àgbà dùn sí i. Ilẹ̀ baba wọn ni wọ́n bù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi gbọ́njú, ó ti mọ́ wọn lára. Kò sí ọmọ abúlé tí kò mọ ibi tí ààlà gbà, nítorí wọ́n máa ń ro ó mọ́ féfé. Ẹ̀ka kòkó tó bá yọ sójú ààlà, bàbá mi fúnra rẹ̀ ni í gé e.

Nígbà náà, agégẹdú tó bá fẹ́ gé igi níbẹ̀ yóò kọ́kọ́ san owó. Fọ́rẹ́sítà á wá, á wọn ìdí igi náà, á yẹ ìwé wò. Tí igi bá wó tán, á gbé òòlù tí lẹ́tà wà lójú rẹ̀, á fi lu kùkùté, á lu orí gẹdú. Lẹ́tà yẹn á wọnú igi tútù, omi igi á máa sun jáde lára rẹ̀. Àwa ọmọdé a máa fìka tọ ọ́. Gẹdú tí kò bá ní àmì yẹn, gẹdú èrú ni.

Bàbá mi fi ojú ẹsẹ̀ erin hàn mí níbẹ̀ rí. Ó fẹ̀ tó agbada gàrí, òjò ti rọ̀ sí i, ọ̀pọ̀lọ́ sì ti yé sínú omi náà. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, n kò sì sọ ọ́.

Ní 1946, wọ́n tún ya 460 hẹ́kítà sọ́tọ̀ nínú igbó yìí, pé kí ẹnikẹ́ni má fayùn kan igi ibẹ̀ rárá. Ní 1977, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn igbó tó ṣe iyebíye fún gbogbo ayé. Síbẹ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi hàn wá pé igbó ọba ṣeé pa run. Wọ́n gé igbó rẹpẹtẹ ní apá ibi tí wọ́n ń pè ní J4, wọ́n gbin igi melaina dípò rẹ̀, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ìwé Ìwòpin ni yóò lò ó. Melaina hù dáadáa. Ilé-iṣẹ́ náà kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ wá dé ní 1978, ó gbé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá súnmọ́ agbára ló súnmọ́ igbó. Ẹ bi àgbẹ̀ tó ń ṣán igbó ọba fún kòkó lónìí, yóò yọ rìsíìtì owó tó san hàn yín. N kò bá a jà. Nígbà tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní 2024, ta ni kò ní wá ilẹ̀? Ẹni tó kọ rìsíìtì náà ni mo ń bá wí, àti olóṣèlú tó mọ̀ tó dákẹ́ nítorí ìbò.

Erin ṣì wà níbẹ̀. Irú erin inú igbó wọ̀nyí ni àjọ IUCN kéde ní 2021 pé wọ́n ti wà létí ìparun. Wọ́n ń jáde wá jẹ ẹ̀gẹ́, àwọn èèyàn sì ń pariwo pé erin ya wọ oko, bẹ́ẹ̀ oko ló ya wọ ilé erin. Ọdẹ tẹ́lẹ̀ ni àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ igbó náà báyìí, wọ́n sì ń fẹ̀mí wọn wewu.

Òfin ìgbà òyìnbó, bó ti le tó, ní kí òṣìṣẹ́ kan kọ́kọ́ jókòó gbọ́ tẹnu àwọn onílẹ̀ kí wọ́n tó ya igbó sọ́tọ̀. Ohun tí mo ń bèèrè nìyẹn fún ọjọ́ tí wọ́n bá tún fẹ́ bu ibì kan kúrò lára igbó ọba: kí wọ́n pe ọdẹ, kí wọ́n pe baálẹ̀, kí wọ́n ka orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ bù ú fún sétígbọ̀ọ́ gbogbo wa, kí gómìnà tó fọwọ́ sí i.