Àìmọ̀ Mi Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pa Ọmọ Mi

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò rọrùn fún mi láti sọ, nítorí ẹ̀bi tèmi ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa á mọ́, ìyá mìíràn lè jìn sínú kòtò tí mo jìn sí.

Ní ọdún 2014, ọmọbìnrin tí mo bí tẹ̀lé àwọn ìbejì mi bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi lámujù. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà náà. Bó bá mu omi tán, á lọ tọ̀, á tún máa wá omi kiri. Ó ń jẹun, síbẹ̀ ó ń rù. Àwọn dókítà ní àtọ̀gbẹ ni, irú èyí tó máa ń mú ọmọdé. Wọ́n kọ́ mi bí n ó ṣe máa fún un ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì lójoojúmọ́. Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ sì ń le sí i.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, aládùúgbò mi kan wá kí wa. Ó rí ìgò oògùn náà, ó ní, “Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é? Inú kòkòrò ni wọ́n ti ń mú un jáde! Wọ́n ní ara òkú ènìyàn ni wọ́n ti gé ohun tí wọ́n fi sínú kòkòrò náà.”

Orí mi wú. Mo ní n kò ní í fi ohun àìmọ́ sára ọmọ tí Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ. Mo gbé oògùn tì, n kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ ń bì, ó ń mí gúlegúle, èémí rẹ̀ sì ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù. Ìgbà tí a fi máa dé ilé ìwòsàn, kò dá mi lóhùn mọ́.

Omi àti ínsúlínì ni wọ́n fà sí i lára. Nígbà tó lajú lọ́jọ́ kejì, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ kò fún mi lábẹ́rẹ́ mọ́?” Ìbéèrè yẹn gún mi ju abẹ́rẹ́ lọ.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan pè mí jókòó. Kò bú mi. Ó ṣàlàyé pé ínsúlínì kì í ṣe ohun àjèjì, amúaradàgbà tí Ẹlẹ́dàá dá mọ́ ara gbogbo wa ni. Ẹ̀yà ara kékeré kan lẹ́yìn àpò oúnjẹ, tí wọ́n ń pè ní pancreas, ló ń ṣe é. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè wọ inú ara. Ẹni tí tirẹ̀ bá dáwọ́ dúró, ebi ni yóò máa pa ara rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹun yó.

Ní ọdún 1922, ní ìlú Toronto ní Kánádà, wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìnlá kan tó ń kú lọ, ó sì yè. Fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, inú màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò bá tiwa mu délẹ̀délẹ̀, ara àwọn mìíràn kò sì gbà á dáadáa.

Ní ọdún 1978, àwọn onímọ̀ Genentech àti City of Hope ní California wá ọ̀nà mìíràn. Wọn kò gé ara ẹnikẹ́ni. Kẹ́míkà ni wọ́n tò pọ̀ di àṣẹ tó ń kọ́ ara bí a ṣe ń ṣe ínsúlínì ènìyàn. Wọ́n fi àṣẹ náà sínú bakitéríà tí a ń pè ní E. coli, irú èyí tí ìbátan rẹ̀ ń gbé inú ìfun gbogbo wa. Bó bá rí oúnjẹ àti ooru tó tó, ọ̀kan lè di méjì láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Tí wọ́n bá ti pọ̀ tó, wọ́n á fọ́ wọn, wọ́n á yọ ínsúlínì, wọ́n á sì sẹ́ ẹ títí yóò fi mọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 1982. Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ amúaradàgbà ènìyàn tí wọ́n ń lò nínú yàrá ìwádìí.

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mọ́mì, ṣé ẹ kì í jẹ irú ni? Ṣé ẹ kì í mu ògì? Kòkòrò tí ojú kò rí ló ń bá wa ṣe méjèèjì.” N kò lè fèsì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe dá ínsúlínì ọmọ yín dúró nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ bi dókítà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ má gbé e síbi tó gbóná, ẹ má sì jẹ́ kó di yìnyín. Ẹ rántí pé oníṣègùn ni Lúùkù tó kọ ìwé Ìhìnrere. Àdúrà kò bá abẹ́rẹ́ jà.

Ọmọ mi ti dàgbà báyìí, ó ń gún abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, èmi a máa dúpẹ́ lábẹ́lẹ̀. Kí Olúwa má jẹ́ kí àìmọ̀ wa pa àwọn ọmọ wa. Àmín.