Etí Ni A Fi Ń Wo Sinimá Yorùbá

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gírámà, sílébù àti ohùn ni ẹ máa ń bá lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ sinimá ni mo gbé wá lónìí. Ìyá mi wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn nígbà ìsinmi. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 13, náà wà nílé. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, a sì wo sinimá Yorùbá mẹ́rin. Èmi ni mo yàn wọ́n, nítorí láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn sinimá. Èrò mi lórí àwọn sinimá náà nìkan ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tí mo rí nínú yàrá tí a ti ń wò wọ́n pọ̀ ju ohun tí mo rí lójú amóhùnmáwòrán lọ.

Aníkúlápó ni a kọ́kọ́ wò, èyí tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní ọdún 2022. Ọmọ Adéyẹmí Afọláyan ni Kúnlé, ìyẹn Adé Love tí gbogbo ayé mọ̀, ẹni tó ṣe olú ẹ̀dá ìtàn nínú Àjàní Ògún ní ọdún 1976. Ìtàn Sàrò ni sinimá náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ahunṣọ tó wá jẹun sí Ọ̀yọ́, tí òun àti Arólákẹ́, aya ọba, sì kó sínú ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀. Wọ́n lù ú pa nítorí rẹ̀. Ẹyẹ àkàlà jí i dìde, agbára ẹyẹ náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́, Sàrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi jí òkú, títí ojúkòkòrò fi mú un ṣe àṣejù.

Àwòrán rẹ̀ dára, aṣọ rẹ̀ dára, ilé alámọ̀ inú rẹ̀ sì jọ ilé tí ènìyàn ń gbé. Ìyá mi, tí a bí ní Ìsẹ́yìn láàárín àwọn ahunṣọ, kò tilẹ̀ wo ojú Sàrò. Ọwọ́ rẹ̀ lórí òfì ló ń wò. Àbùkù tí mo rí ni pé ó gùn, àti pé àwọn gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó dà bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi rò wọ́n kí a tó wọ agbádá fún wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ sinimá náà nìkan tó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan fún akẹ́kọ̀ọ́. A-ní-ikú-ní-àpò: ẹni tí ikú wà nínú àpò rẹ̀. Sàrò rò pé ìyè ni òun fi sápò. Orúkọ ti sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ikú ni, kò sì yé e títí ikú náà fi jáde sí i. Mo bi ọmọ mi bóyá ó kíyè sí i. Ó ní, “Dádì, ṣé kì í ṣe orúkọ lásán ni?” Mo rẹ́rìn-ín, n kò sì ka ọ̀rọ̀ náà sí.

Èkejì ni Ẹlẹ́ṣin Ọba, tí Bíyìí Bándélé darí. Ọdún 2022 ló jáde, lẹ́yìn tí Bándélé fúnra rẹ̀ ti kú ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Ìtàn yìí ti rìn jìnnà. Ní Ọ̀yọ́, ní àárín àwọn ọdún 1940, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀: ọba wàjà, ẹni tó yẹ kó bá a lọ fẹ́ lọ, ìjọba òyìnbó sì dá a dúró. Dúró Ládiípọ̀ fi Yorùbá ṣe é ní eré, ó pè é ní Ọba Wàjà. Wọlé Ṣóyínká fi Gẹ̀ẹ́sì kọ tirẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1975. Akínwùmí Ìṣọ̀lá tú ti Ṣóyínká sí Yorùbá, ó sọ ọ́ ní Ikú Olókùn Ẹṣin. Bándélé wá dá púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà sí èdè tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ wo ìyàtọ̀ orúkọ méjèèjì. Ẹlẹ́ṣin ni ẹni tó ni ẹṣin tàbí tó ń gùn ún. Olókùn ẹṣin ni ẹni tó di okùn ẹṣin ọba mú: kì í ṣe òun ló ni ẹṣin, kò sì gbọdọ̀ ju okùn sílẹ̀. Gbogbo wàhálà ọkùnrin náà wà nínú oyè rẹ̀.

Ọ̀dúnladé Adékọ́lá, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ mọ́ ẹ̀fẹ̀, ló ṣe Ẹlẹ́ṣin. Iyèméjì ni mo fi jókòó, ìtẹ́lọ́rùn ni mo fi dìde: ó jẹ́ kí a fẹ́ràn ọkùnrin náà kí ó tó jẹ́ kí a bínú sí i. Ibi tó kù sí ni pé sinimá náà ṣì ń rìn bí eré orí ìtàgé. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló gba ọkàn mi. Nígbà tí àwọn òyìnbó inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè wọn sọ̀rọ̀, ọmọ mi mí kanlẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga, ojú rẹ̀ sì gòkè sí àárín àwòrán fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ ló ti ń kà láti àárọ̀. Sinimá tí èmi àti ìyá mi ń wò kọ́ ni òun ń wò.

Nǹkan kan wà nínú ìwé Ṣóyínká tí mo máa ń tọ́ka sí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Àjẹ́lẹ̀ òyìnbó gbọ́ ìlù láti ilé rẹ̀, kò mọ ohun tí ìlù ń wí, ó wá ń bi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo sọ èyí fún ọmọ mi lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì fi òyìnbó náà ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi yẹ̀yẹ́ náà sọ́kàn.

Ẹ̀kẹta ni House of Ga'a, iṣẹ́ Bọ́láńlé Austen-Peters, tó jáde ní ọdún 2024. Ẹni tó bá ti ka Baṣọ̀run Gáà tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ mọ ìtàn náà: Baṣọ̀run tó ń fi ọba jẹ ní Ọ̀yọ́, tó sì ń rán wọn sọ́run, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1774. Fẹ́mi Branch ni Gáà, ó sì mọ bí a ti ń fi ohùn jẹ́jẹ́ dẹ́rù bani. Ìjà tí mo bá sinimá náà jà ni pé ìtàn ọdún púpọ̀ ni a há mọ́ nǹkan bí wákàtí méjì. Ikú ń tẹ̀lé ikú, kò sì sí àyè láti ṣọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, ikú kan wà nínú ìtàn Gáà tí n kò lè gbàgbé. Àgbọ̀nrín ni a ní kí Gáà fi rúbọ, ẹran tí àwọn mìíràn ń pè ní àgbọ̀nyín. Àgbọ̀nyín náà sì ni orúkọ ọmọbìnrin Aláàfin. Gáà kò rán ọdẹ lọ sí igbó mọ́. Ó fi ọmọ ọba dípò ẹran. Orúkọ ọmọ ló pa ọmọ. Bí a ti ń súnmọ́ ibẹ̀ ni ìyá mi ti fọwọ́ bo ẹnu, nítorí ó ti gbọ́ ikú nínú orúkọ náà. Ọmọ mi, tí ojú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àwòrán, bi mí lẹ́yìn náà pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọbìnrin yẹn ni wọ́n mú. N kò rẹ́rìn-ín mọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Kí n tó di ẹbi ru ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọmọ yìí nígbà tí a fi í sí ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Mo mọ̀ kí a tó mú un lọ. Owó tí mo ń gbà fún kíkọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá ni mo fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́ náà. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó máa ń rẹ̀ mí. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ fi ń bi mí ní ìbéèrè, Gẹ̀ẹ́sì náà ni mo fi ń dáhùn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi kó ẹ̀ṣọ́ ròde, mo fi ilé sílẹ̀ ní ìhòòhò.

Nítorí náà, nígbà tó kan ẹ̀kẹrin, mo ta ọgbọ́n kan. Saworoidẹ ni, sinimá Túndé Kèlání ti ọdún 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀. Àwo tí mo ti rà tipẹ́tipẹ́ ni a fi wò ó. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwòrán rẹ̀, a kò lè pa á. Mo bá gba ìborùn ìyá mi, mo fi bo ìsàlẹ̀ amóhùnmáwòrán. Ọmọ mi figbe ta. Ó ní òun kò ní í gbọ́ nǹkan kan. Mo ní, “Etí ni kí o fi wò ó.”

Mo ti wo sinimá yìí ju ìgbà mẹ́wàá lọ, kò sì gbó lójú mi. Ìlú Jogbo ni ìtàn náà dá lé: ọba Lápitẹ́ tó kọ̀ láti bá ìlú mulẹ̀ bí àwọn ọba ìṣáájú, àwọn agégẹdú tó ń run igbó, ológun Lágàta tó fi ìbọn gba adé, àti ìlù ṣaworoidẹ. Bí ọba tí kò mulẹ̀ bá dé adé, tí a sì lu ìlù náà, orí fífọ́ ni yóò pa á. Fálétí tó kọ Baṣọ̀run Gáà wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Bàbá Òpálánbá, ẹni tó ń fi orin àti òwe sọ òótọ́ tí ẹlòmíràn kò lè sọ láàfin. Kúnlé Afọláyan tó ṣe Aníkúlápó náà wà níbẹ̀, ní ọ̀dọ́.

Fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ọmọ mi ń bínú. Nígbà tó yá, ó sún síwájú lórí àga. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè: Kí ni gẹdú? Kí ni à ń pè ní mulẹ̀? Ìyá mi ń dá a lóhùn láìgbé ojú kúrò lára ẹ̀wà tó ń ṣà. Nígbà tí Òpálánbá sọ̀rọ̀ kan, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá àgbà àti ọmọ ọmọ. N kò rántí ìgbà tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí nínú ilé mi.

Lẹ́yìn náà ni ìlù dún. Ọmọ mi ní, “Dádì, ìlù yẹn ń sọ nǹkan, àbí?” Inú mi dùn. Mo ṣàlàyé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Mo sọ bí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ṣe yàtọ̀ síra. Mo sọ bí ìlù dùndún ṣe ń sín ohùn ènìyàn jẹ nígbà tí onílù bá fún okùn awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá ní, “Ẹ ṣé, Dádì. Kí ló wá ń sọ?”

Mo dá àwo padà. Mo tẹ́tí. Mo tún dá a padà lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Mo gbọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan. Mo lè kọ gbogbo wọn sójú pátákó bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀rọ̀ ni n kò gbọ́. Ìyá mi, lórí ẹ̀wà rẹ̀, wí gbólóhùn náà jáde wẹ́rẹ́, bí ẹni tí a kí tó sì ń dáhùn. Bó ti wí i tán ni èmi náà tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìlù. Ó wò mí, ó ní, “Àkànní, ṣé o ò gbọ́ ni?”

Ẹ rántí àjẹ́lẹ̀ òyìnbó tó ń bi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìran mẹ́ta ló jókòó síwájú ẹ̀rọ kan lọ́jọ́ náà. Ìyá mi gbọ́ ìlù. Èmi gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, ìlù rú mi lójú. Ọmọ mi, bí kò bá sí ìborùn, Gẹ̀ẹ́sì ni ì bá máa kà. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, mo sì rí i pé ohun tí mo ń kà sí àléébù ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ lára mi, nígbà tí mo gba ohùn sínú ìwé, tí n kò sì jókòó ti ẹni tó ń lù ú.

N kò ní kí a yọ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lára sinimá wa. Òun ni ilẹ̀kùn tí àlejò ń gbà wọlé, a kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọ onílé máa gba ẹnu ọ̀nà àlejò wọ ilé baba rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè wa, ẹ fi ojú ka ìtumọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, kí ìtàn yé yín. Lẹ́yìn náà, ẹ bò ó, kí ẹ tún sinimá náà wò. Bí ẹ bá rí àgbà kan tí yóò jókòó tì yín, ó dára ju ìwé atúmọ̀ èdè lọ.

Ìyá mi ti padà sí Ìsẹ́yìn, ó fi ìborùn rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, a fẹ́ wo Agogo Èèwọ̀, sinimá ọdún 2002 tó tẹ̀lé Saworoidẹ. Kí n tó jókòó, ọmọ mi ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta ìborùn náà bo ìsàlẹ̀ amóhùnmáwòrán. Nígbà tí ìlù dún, a wo ara wa. Ó sáré mú fóònù, ó pe ìyá àgbà rẹ̀, ó sì gbé fóònù náà súnmọ́ ẹ̀rọ. Àwa méjèèjì dákẹ́, a ń retí ohun tí Ìsẹ́yìn yóò wí.